Ta Ló Ni Ilé Tí Gbogbo Ọwọ́ Kọ́? Ìtàn Àwọn Àgùdà àti Họ́ọ̀lù Páríìṣì Ìlú Wa

 

Lọ́sẹ̀ bíi mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi fọ́tò họ́ọ̀lù tuntun tí páríìṣì Kátólíìkì ìlú wa ń kọ́ sórí gúrúùpù. Àwọn kan ṣe àmín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Kí ló kan ìlú nínú họ́ọ̀lù àwọn Àgùdà? Ṣé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni wá ni, àbí ẹgbẹ́ ìjọ? Àti pé orúkọ dáyósíìsì ló wà lórí ilẹ̀ yẹn. Tá a bá dáwó tán, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn pa, ta la fẹ́ lọ bá?"

Ẹnìkan ò dáhùn. Gúrúùpù dákẹ́ lọ gbári, títí ẹnìkan fi gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wọlé.

Mi ò rò pé ó yẹ ká bínú sí ìbéèrè yìí, kò sì yẹ ká sá fún un. Èmi fúnra mi kì í ṣe Kátólíìkì. Ààfáà ló sọ mí lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì, mo sì rí i pé ìtàn ní ohun tó lè sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ibi tí mo bá ti ṣì í, ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi tún un ṣe.

IBI TÍ IṢẸ́ DÉ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jábọ̀. Ìpìlẹ̀ ti parí láti ọdún tó kọjá. Búlọ́ọ̀kù ti gòkè kọjá ojú wíńdò, wọ́n sì ti da líńtẹ́lì yí ilé náà ká. Àwọn òpó iwájú ti dúró. Ohun tó kù tó le jù ni òrùlé: igi, páànù, àti owó iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dúró sí látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Koríko ti ń hù láàrin ilé. Ewúrẹ́ àdúgbò ló ń ṣèpàdé nínú họ́ọ̀lù wa báyìí, kò sì sí èyí tó dáwó nínú wọn.

Fádà àti ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti sọ níwájú àwọn ìjòyè pé kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan ni yóò máa lò ó. Ìpàdé ìlú lè wáyé níbẹ̀, ìgbéyàwó lè wáyé níbẹ̀, àwa ọ̀dọ́ sì ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún wa láàyè láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lèyí o. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn níwájú.

TA NI ÀWỌN ÀGÙDÀ?

Orúkọ tí a fi ń pe ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀ Yorùbá, ìyẹn Àgùdà, orúkọ àwọn èèyàn ni kó tó di orúkọ ìjọ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, pàápàá sí Bahia, tí àwọn tàbí ọmọ wọn sì padà wálé, àwọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dá sílẹ̀ nílùú Salvador ní oṣù Kìíní, 1835. Ìjọba ibẹ̀ pa nínú wọn, wọ́n na àwọn mìíràn, wọ́n sì lé àwọn kan kúrò nílùú. Àwọn tí kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀tẹ̀ náà rí i pé ibẹ̀ ò ṣeé gbé mọ́. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó, sí Àjàṣẹ́, àti sí Ouidah. Àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀ títí di ìgbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú pátápátá ní 1888, àní lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá.

Ẹni tó bá mọ Èkó dáadáa ti rí ojú ẹsẹ̀ wọn. Àdúgbò Pópó Àgùdà ń bẹ níbẹ̀, Campos Square ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ bíi da Silva, da Rocha, Pereira àti Cardoso ń bẹ nínú àwọn ìdílé tó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Fréjọ̀n tí wọ́n ń fi ẹ̀wà àti omi àgbọn sè ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ọwọ́ wọn la ti gbà á. Ẹ má sì rò pé gbogbo wọn ni Kátólíìkì o. Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó padà. Ìrìn àjò kan náà ló kó wọn wálé.

WỌ́N TI KỌ́LÉ RÍ KÍ WỌ́N TÓ WÁLÉ

Nílùú Salvador, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Pelourinho, ilé ìjọsìn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nossa Senhora do Rosário dos Pretos, ìyẹn Ìyá Wa Olú Rósárì ti àwọn Aláwọ̀ Dúdú. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni òmìnira, ló kọ́ ọ. Ọdún 1704 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Kí ló fà á tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀sán kì í ṣe tiwọn. Olówó ẹrú ló ni ọ̀sán wọn. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbé òkúta, bí iṣẹ́ olówó wọn bá parí, tàbí ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ro ó wò. Àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yẹn kò fojú rí òrùlé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní rí i, síbẹ̀ wọ́n ń gbé òkúta.

Ohun kejì tún wà. Àwọn èèyàn wa ní Bahia ní ẹgbẹ́ ìdáwó tí wọ́n ń pè ní junta. Bí èsúsú tiwa gan-an ló ṣe rí, àmọ́ kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ rà. Òmìnira ni wọ́n ń fi í rà. Wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á fi ra ẹnìkan kúrò lóko ẹrú, ẹni náà á sì máa san owó padà díẹ̀díẹ̀ kó lè kan ẹlòmíràn. Mo fẹ́ ká rántí èyí nígbàkígbà tí ẹnìkan bá sọ pé àwa Yorùbá ò lè fọkàn tán ara wa nídìí owó. Àwọn tí kò ní ara wọn pàápàá fọkàn tán ara wọn.

ILÉ ÀGBÉLÉBÙÚ MÍMỌ́ L'ÉKÒÓ

Àṣà yẹn ni wọ́n gbé wálé. Kí fádà kankan tó wá jókòó l'Ékòó, ìjọ ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ń darí wọn jẹ́ ẹrú àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fi í joyè fádà rí. Òun ló ń kó wọn jọ láti gbàdúrà, òun ló ń ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn, òun náà ló ń bá wọn sìnkú. Fádà Francesco Borghero, ará Ítálì, ọmọ ẹgbẹ́ SMA tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Lyon ní 1856, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861. Nígbà tó wá sí Èkó ní 1863, kò bá ilẹ̀ òfìfo. Àwọn tó ti ń gbàdúrà fún ọ̀pọ̀ ọdún ló bá. Ọdún 1868 ni Fádà Pierre Bouche tó wá, òun sì ni fádà àkọ́kọ́ tó fi Èkó ṣe ibùgbé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ló ṣáájú, ilé tẹ̀ lé wọn.

Ní 1878 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìjọsìn ńlá ti Àgbélébùú Mímọ́, èyí táwọn èèyàn mọ̀ sí Holy Cross. Ní 1881 wọ́n parí rẹ̀. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni orúkọ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìtàn fi sílẹ̀ fún wa. Àgùdà ni wọ́n. Àwọn Àgùdà l'Ékòó ní bírìkìlà, wọ́n ní káfíńtà, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ, wọ́n ní télọ̀, wọ́n sì ní oníṣòwò. Wọn ò ní láti máa wá oníṣẹ́ kiri, nítorí pé wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ lójú ìyà ní òkè òkun. Iṣẹ́ tí wọ́n fipá mú wọn kọ́, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé tó wù wọ́n.

Ilé 1881 yẹn kọ́ la ń wò lónìí. Kàtídírà tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì parí ní 1939. Ilé lọ, ilé dé, àṣà ìkọ́lé ò lọ.

MỌ́ṢÁLÁṢÍ TÍ ÀGÙDÀ KỌ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba dúró sí díẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street l'Ékòó. Mohammed Shitta, oníṣòwò pàtàkì, ló náwó sí i. Ta ló kọ́ ọ? João Baptista da Costa ni. Bí orúkọ yẹn ṣe ń dún létí, ẹ ti mọ̀ pé Àgùdà ni. Sanusi Aka ló sì ń ṣe igbákejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lọ wo iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn, á rí i pé iṣẹ́ ọnà Brazil ló wà lára rẹ̀, irú èyí tó wà lára ṣọ́ọ̀ṣì Bahia.

Èmi ọmọ Mùsùlùmí, nígbà tí mo ka èyí nínú láíbìrì, mo jókòó sẹ́yìn lórí àga mi. Ọwọ́ tó kọ́ ilé ìjọ kan ló kọ́ ilé ìjọ kejì. Kò sẹ́ni tó bi da Costa pé kí ló kàn án nínú mọ́ṣáláṣí.

Kì í sì í ṣe Èkó nìkan. Ní 1947, àwọn fádà SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll wà lára àwọn tó bójú tó o. Àwọn agbẹ́gilére wa ni wọ́n pè, kí wọ́n wá fi ọnà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ilé ìsìn lọ́ṣọ̀ọ́. George Bándélé, ọmọ Àrẹògún tó jẹ́ gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, wà níbẹ̀. Lábẹ́ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ óò rí Jésù, ẹ óò rí Màríà, ojú Yorùbá ni gbogbo wọn ń gbé wò yín.

ÌBÉÈRÈ ILẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ̀gbọ́n mi lè sọ pé, "Ìtàn dùn, ọmọ mi, àmọ́ o ò tíì dá mi lóhùn lórí ilẹ̀." Òótọ́ ni. Ìtàn adùn nìkan kọ́ ni ìtàn.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Láyé àwọn ìjọ, ọ̀pọ̀ ìlú ló bá ìjọ kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìjọ mú tíṣà wá, ìlú fún wọn nílẹ̀, ìlú gbé bíríkì, ìlú ru yanrìn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan dá díẹ̀ padà fún àwọn ìjọ. Ìjọba Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001. Nígbà tí ìjọba gbà á, tí ìjọba sì dá a padà, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìlú gbé bíríkì? Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí i nínú ìwé kankan. Àwọn tó gbé e ti kú, àwọn ọmọ wọn kàn ń sọ pé, "Bàbá wa bá wọn kọ́ ilé yìí o."

Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀kan. Àwa ọ̀dọ́ kàn rò pé kì í ṣe owó ni ká torí rẹ̀ mú dání. Ìwé ni ká torí rẹ̀ béèrè.

Mo lọ bá Fádà fúnra mi pẹ̀lú akọ̀wé wa. A ò bá ìjà lọ. Wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n sì sọ pé àwọn ò lòdì sí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣàlàyé pé fádà kì í dá nǹkan bẹ́ẹ̀ buwọ́ lù. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn sì lè gba àkókò. Wọ́n ní ká kọ ohun tí a fẹ́ wá. Ìdáhùn tí a gbà nìyẹn, mo sì rò pé ó tó ìdáhùn.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Èkíní, a ní lọ́yà nínú ẹgbẹ́ yìí, kódà wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ àdéhùn náà ní èdè tí gbogbo wa máa gbọ́: ọjọ́ wo ni ìlú lè lò ó, èló ni ẹni tó bá ṣe ìnáwó níbẹ̀ máa san, ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló máa tún un ṣe tí páànù bá ṣí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló jẹ́ ká pàdánù ọ̀pọ̀ nǹkan.

Èkejì, òrùlé. Líńtẹ́lì tí òjò ń rọ̀ lé, tí oòrùn ń pa, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn irin tó yọ síta ti ń dípẹtà. Bí a bá ń dúró kí àdéhùn parí pátápátá kí a tó ra igi, a lè wá ní ìwé dáadáa lórí ilé tó ti ń wó. A lè ṣe méjèèjì pọ̀: kí ìwé máa lọ sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, kí owó igi máa kóra jọ lọ́dọ̀ akápò ẹgbẹ́ wa, kó má tíì kúrò níbẹ̀ títí ìwé á fi dé. Bí ìwé bá dé lónìí, káfíńtà á gòkè lọ́la.

Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù. Ẹ rántí pé mo dárúkọ Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre lókè. Báwo la ṣe mọ̀ wọ́n? A mọ̀ wọ́n nítorí pé ẹnìkan jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1943, A. B. Laotan kọ ìwé kékeré kan nípa àwọn Àgùdà àtijọ́ l'Ékòó, The Torch-Bearers ni àkọlé rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn parun. Àmọ́ àwọn tó ru yanrìn fún wọn ńkọ́? Àwọn obìnrin tó pọn omi tí wọ́n fi po ẹrẹ̀ ńkọ́? Mo wá orúkọ wọn títí, mi ò rí ẹyọ kan.

Èyí ló mú kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ra ìwé ńlá kan, aláwọ lílé. A ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá fi ọwọ́ kan họ́ọ̀lù yìí sínú rẹ̀: ẹni tó dáwó, ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ kó yanrìn, ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ tí a ṣe ọ̀wẹ̀. Ìyá kan wà tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí a da ìpìlẹ̀, omi tán, kànga páríìṣì gbẹ. Màmá yìí àti àwọn ọmọ wọn ló ń pọn omi láti ilé wọn wá títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo lọ béèrè orúkọ wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ mi ṣe? Ṣé owó orí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó ti sìn ìlú tó báyìí, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ òun ṣe ni kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ òun. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn náà mọ́ ọn, nítorí pé àwọn ọmọ ló gbé korobá tó wúwo. Mo kọ gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún béèrè pé kí ló kan ìlú nínú họ́ọ̀lù àwọn Àgùdà, ìdáhùn tèmi rèé: ìlú ti wà nínú rẹ̀. Orúkọ Mùsùlùmí wà nínú ìwé yẹn, ti Áńgílíkà wà níbẹ̀, ti Séráfù wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni ká fi òrùlé bò ó, kí ìwé àdéhùn sì jẹ́rìí sí ohun tí ọwọ́ ti ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìlú Ọba, ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ojú ewé yín wà nínú ìwé náà, a ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìṣirò owó tó ti wọlé àti èyí tó ti jáde, kó kọ̀wé sí akápò. Gbogbo rírà ló ní rìsíìtì. Ẹni tó bá wà nílé, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ la máa ro koríko inú họ́ọ̀lù náà. Ẹ mú ọkọ́ àti àdá dání. Àwọn ewúrẹ́ ti gbọ́, wọ́n á kó jáde.

Ìlú wa á gòkè o. Àṣẹ.

Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́